Ajá Tí O Fi Sí Ìkáwọ́ Mi

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán ọ lọ kọ́ ń wọlé, ṣé àtẹ̀gùn ilé gíga tí o ní ò ń gbé yẹn kò tíì ba orúnkún rẹ jẹ́? Àwa níhìn-ín ń mí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé dúró kà. Ṣùgbọ́n má fòyà, kò sẹ́ni tó kú. Ìyá rẹ ló ní kí n tètè kọ ìyẹn sókè, pé bí mo bá fi sí ìsàlẹ̀, ìwọ á ti dákú kí o tó kà á débẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú. Ajá náà kò kú. Èmi náà kò kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kù díẹ̀.

Orúnkún ìyá rẹ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, ó ti lè rìn dé ẹnu géètì láìdi ògiri mú. Ewúrẹ́ ará ẹ̀gbẹ́ ilé wa tún bímọ, inú èérún pákó mi ló lọ bí wọn sí, mi ò sì lè lé e, ó wò mí bákan. Àga tí mo kàn fún olùkọ́ àgbà ti parí, ó ní ẹsẹ̀ kan gùn ju ìyókù lọ, mo ní ilẹ̀ ilé rẹ̀ ló dagun, a ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ń jò ní ọwọ́ ọ̀tún, nítorí náà ọwọ́ òsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ajá. Mo ti ń yí i ká bí ẹni tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tọ́ omi tútù wò, ṣùgbọ́n màá kó wọ̀ ọ́ báyìí. O rántí pé nígbà tí ọ̀gá rẹ tó ń tọ́ ajá rán ọ lọ sí ọ̀nà jíjìn láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́, o gbé ọmọ ajá yìí wá sílé, o ní kí n bá ọ kọ́ ọ ní ìgbọràn títí ọjọ́ ìdíje á fi pé, torí ìyá rẹ kò lè sáré. O ní ajá ọ̀gá ni, pé ariwo máa ń dẹ́rù bà á, pé bí kò bá ṣe dáadáa níbi ìdíje, ọ̀gá ti búra láti tà á fún àwọn tó ń fi ṣéènì so ajá mọ́ ẹnu géètì tọ̀sán tòru. O ń sọ ọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ. Mo ní mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, o mọ bàbá rẹ. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ajá alápatà ti lé mi gun orí ògiri nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tó sì mú ìdajì ṣòkòtò mi lọ sílé, bí ajá bá gbó ní àdúgbò kejì, èmi á ti ti ilẹ̀kùn tèmi. Ìyá rẹ ló ń wo ẹnu mi lọ́jọ́ yẹn. Bí kì í bá ṣe ojú rẹ̀ tó ń tì mí, ǹ bá ti ní ikọ́ ń hú mi.

Orúkọ tí o sọ ajá náà kò gba ẹnu mi. Mo gbìyànjú rẹ̀ títí eyín àtọwọ́dá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Nítorí náà Rọra ni mo sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn nígbà tí o tú okùn rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tó sì fò mọ́ mi, ó sì dúró wò mí bí ẹni pé orúkọ rẹ̀ gan-an ni mo pè. Orúkọ náà ní wàhálà tirẹ̀ o. Bí mo bá gun àkàbà, tí ìyá rẹ ní kí n rọra, ajá á ti dé ìdí àkàbà. Bí àwọn kan bá ń ru pákó kọjá lójúde, tí ẹni ẹ̀yìn ní kí ẹni iwájú rọra, ajá á ti bá wọn dé ìkóríta, èmi á sì máa sáré tẹ̀lé wọn, àmọ́ mi ò ní sáré jù kí n má lọ lé e bá.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan fún ọ, má rẹ́rìn-ín. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń pe ajá náà. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀, ẹ̀rù ni. Màá dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, màá ṣí fìlà, màá ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ajá á gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa wò mí. Ìyá rẹ gbọ́ láti ilé ìdáná, ó béèrè bóyá àna wa ló wá kí wa. Nígbà tó yọjú tó rí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀, ó di ògiri mú, ẹ̀rín ni kì í ṣe orúnkún.

Fóònù tí o fi sílẹ̀ ràn mí lọ́wọ́ o, ṣùgbọ́n òun náà fojú mi rí màbo. Ọ̀gbẹ́ni tó wà nínú rẹ̀, tó ń kọ́ni bí a ti ń tọ́ ajá, mo bọ̀wọ̀ fún un. Mi ò jẹ́ ṣí fóònù láì kọ́kọ́ wẹ̀ kí n sì dé fìlà, kó má bàa rí mi nínú èérún pákó. Mo máa ń kí i, kò dá mi lóhùn rí. Ìyá rẹ ní bóyá adití ni. Mo ní ìgbéraga ni, àmọ́ ó mọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé ajá tó ń gbọ̀n ńkọ́, ó dákẹ́, nǹkan kan wá ń yí bìrìbìrì níwájú rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ń ronú. Ó ronú títí ìyá rẹ fi pè mí jẹun. Ọmọbìnrin tó ń ta káàdì ní ìkóríta ló yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní dátà ló tán. Mo ní àbájọ tó fi rẹ ọkùnrin náà bẹ́ẹ̀, bí oúnjẹ rẹ̀ bá tán, kí ló dé tí kò sọ, ṣé ìyá rẹ kò lè bu díẹ̀ fún un ni?

Ní ìparí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń bẹ̀bẹ̀ pé bí ọ̀rọ̀ òun bá dùn mọ́ wa, kí á tẹ àtàǹpàkò, kí á sì tẹ agogo. Ẹni tó kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ tó bẹ ẹyọ nǹkan méjì, ó burú kí a fi dù ú. Mo ti àtàǹpàkò mi bọ yíǹkì, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú dáadáa bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ níbi ìdìbò. Ìyá rẹ fi karosíìnì nù ún kí ojú ọ̀gbẹ́ni náà tó tún yọ. Ti agogo, mo tú agogo ara kẹ̀kẹ́ mi, mo gbé e síwájú fóònù, mo sì tẹ̀ ẹ́ léraléra kó lè gbọ́ ọ níbi tó wà.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀rù tó wà lára ọmọ ajá yìí. Bí agogo ṣe dún, ó fò kọjá lórí ayùn, ó wọ abẹ́ bẹ́ńṣì lọ, ó sì tọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Mo tẹ̀ ba, mo wò ó láti òkèèrè. Etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọrùn, ojú rẹ̀ là kalẹ̀, ó ń wá ibi tí òun á sá gbà, kò sì sí. Ọmọ mi, mo mọ ojú yẹn. Ojú tí mo gbé gun orí ògiri lọ́jọ́ ajá alápatà nìyẹn. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ajá náà ní in. Mo ti rò pé àwọn ni wọ́n ń pín ẹ̀rù kiri, mi ò mọ̀ pé ó ń kan àwọn náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi. Ẹ̀rù àtifi ọwọ́ fún un ní ẹran ń bà mí, nítorí náà mo wá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn, orí rẹ̀ ni mo ń gbé ẹran gbígbẹ sí, màá nà án sí i láti ẹnu ọ̀nà. Bó bá jókòó, ó jẹ ẹ́. Nígbà tó yá mo gé pákó náà kù. Mo tún gé e. Mò ń gé e bí ọkàn mi bá ti gbà á, títí tí kò fi gùn ju pẹ́ńsùlù ẹ̀yìn etí mi lọ. Fún ariwo, mo fi àkísà di orí òòlù, mo ń fi gbá pákó jẹ́jẹ́ nígbà tó bá ń jẹun, mo ń tú àkísà náà ní ìpele ìpele, títí òòlù fi ń dún gbàgà tí kò sì gbé orí kúrò nínú àwo. Ọ̀gbẹ́ni inú fóònù ní ẹ̀ẹ̀kan ni kí ènìyàn pàṣẹ, pé ẹni tó bá ń tún un sọ ti sọ àṣẹ di ẹ̀bẹ̀. Èyí ló ṣòro fún mi jù, torí gbogbo ayé mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo mọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹ̀kọ́ tó le jù, èyí tí ajá á jókòó sójú kan, tí ẹni tó mú un wá á lọ fara pamọ́ níbi tí ajá kò ti ní rí i mọ́. Ajá kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí onítọ̀hún á fi padà wá sọ ọ̀rọ̀ ìdásílẹ̀. Tiwa ni ó yá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo mú Rọra jókòó láàárín àgbàlá, mo na ọwọ́ sí i, mo ní dúró, mo sì lọ sí ẹ̀yìn òkìtì pákó ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo ti há ara mi sáàárín pákó àti ògiri tán kí n tó rí ejò.

Ejò dúdú, ọmọ mi, ó sì ti gbé orí sókè. Ẹsẹ̀ àga kan lásán ni ìwọ̀n tó wà láàárín òun àti orúnkún mi. Ẹ̀yìn mi ògiri, iwájú mi pákó. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tí Rọra bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láti àgbàlá, irú èyí tó máa ń sun bó bá fẹ́ tẹ̀ lé mi. Fìlà mi ló ń rí lókè pákó, ó sì ti mọ̀ pé nǹkan kò dára. Mo ti bẹ̀rù ajá láyé mi ju bí mo ti lè ròyìn lọ, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀rù nítorí ajá rí àfi ọjọ́ yẹn. Mo ń rí i lójú inú bí á ṣe sáré wọlé tọ̀ mí wá, tí á fi imú ọmọdé yẹn kan ejò. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ fò lọ lórí mi, ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, dúró, dúró, mò ń sọ ọ́ nínú, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń sọ ọ́ fún mọ́, èmi ni àbí ajá. Èmi dúró. Ajá dúró. Ejò dúró. Kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ pé ó yá nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ejò ni ó kọ́kọ́ sú. Ó gbé orí sílẹ̀, ó wọ́ gba ihò ìdí ògiri jáde bí ẹni pé àwa la dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mo jáde síta, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Rọra ṣì wà níbi tí mo fi í sí. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ìdí rẹ̀ kò sì kúrò nílẹ̀, torí mi ò tíì dá a sílẹ̀, ẹ̀rù ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ lẹ́nu mi. Nígbà tí mo rántí, tí mo ní ó yá, ó sáré wá gun àyà mi, ó fi ahọ́n nu ojú mi látòkè délẹ̀, eyín rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú mi gan-an, mi ò sì sá. Mo ní ìwọ ajá yìí, o ṣeun. Ìyá rẹ tí ẹkún ajá ti mú gbé igi dé nígbà náà gbọ́ ọ. Ó ní ẹ̀hẹ́n, àbí ẹ ti di ojúgbà. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ni mo fi ń fún un ní ẹran.

Lẹ́yìn èyí ni fọ́ọ̀mù ìdíje dé. Wọ́n béèrè orúkọ bàbá ajá. Mo wo ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, mo wò ó sósì. Ọmọ tó wà lábẹ́ òrùlé mi, tí àwa méjèèjì jọ dúró de ejò, ṣé kí n wá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí kò ní bàbá? Mo kọ orúkọ ara mi. Wọ́n béèrè orúkọ ìyá, mo kọ ti ìyá rẹ, mi ò tíì sọ fún un, ìwọ náà má sọ. Wọ́n ní kí a kọ ohun tí bàbá rẹ̀ ti gbé ṣe rí, mo kọ ọ́ pé òun ló kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé ìwé, àti pé méjì péré ló ń há.

Ohun tó pá mí láyà ni ìsàlẹ̀ ìwé náà. Wọ́n ní kí èmi àti ajá fara hàn níwájú adájọ́ láàárọ̀, pé bó bá ti dájọ́, kò sí kòtẹ́milọ́rùn. Ọmọ mi, mi ò fojú kan ilé ẹjọ́ rí. Mo di báàgì. Mo kó aṣọ ìsùn, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti búrẹ́dì sí i, torí mi ò mọ iye ọjọ́ tí wọ́n á dá fún wa. Mo fi ibi tí ìṣó wà han ìyá rẹ. Mo ní bí mi ò bá tètè dé, kó dárí ohun gbogbo jì mí. Ó ní kí n máa lọ jàre, pé láti ọjọ́ ìgbéyàwó òun kò tíì rí mi kí n tutù tó báyìí, pé ó yẹ kí wọ́n máa pè mí lẹ́jọ́ lóṣooṣù.

Awakọ̀ ní ajá tó bá jókòó lórí àga gbọ́dọ̀ sanwó àga. Mo ní kí Rọra jókòó sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. Awakọ̀ ní òun ò tíì rí èrò tó gbọ́ràn báyìí láti ìgbà tí òun ti ń wakọ̀, ṣùgbọ́n ó gba owó náà síbẹ̀.

Pápá ńlá ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n na okùn yí ilẹ̀ ká, wọ́n ta àtíbàbà sí ẹ̀gbẹ́ kan fún òǹwòran. Bí mo ti wọlé, obìnrin kan fi abẹ́rẹ́ gún nọ́ńbà mọ́ mi láyà. Mo ní ó parí, wọ́n ti kọ mí sínú ìwé ẹlẹ́wọ̀n. Adájọ́ náà, obìnrin kúkurú kan ni tó fi fèrè kọ́ ọrùn. Mo ṣí fìlà, mo ní olúwa mi, bí ẹ̀ṣẹ̀ kan bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni kí ẹ bi, ọmọdé ni ajá. Ó wò mí títí, ó ní bàbá, ẹ mú ajá yín rìn.

A rìn. Ọmọ mi, bí o bá rí i! Mò ń tẹ ara mi mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Rọra lẹ̀ mọ́ itan mi bí òjìji, mo yà sọ́tùn-ún, ó yà, mo dúró, ó jókòó. Mo pè é láti òkèèrè, ó wá tààrà. Wọ́n fi gbohùngbohùn pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ní Rọra, ọmọ káfíńtà, gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín, ariwo náà ta bí ìbọn, mo rí i tí etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó sì tún nà án sókè. Adájọ́ ń kọ̀wé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò ó pé bóyá owó ìtanràn nìkan la máa san.

Ó wá ku ìdúró. Wọ́n to gbogbo ajá sórí ìlà láàárín pápá, wọ́n ní kí àwa tí a mú wọn wá wọ yàrá kan lẹ́yìn pápá lọ. A na ọwọ́, a ní dúró, a yí ẹ̀yìn sí wọn. Mi ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Wọ́n ti fèrèsé pa. Adájọ́ ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá jáde kí wọ́n tó pè é, òun àti ajá rẹ̀ kò ní máàkì kankan. Ọkùnrin tó ń ta táyà jókòó lápá òsì mi, ó ń jẹ èékánná. Nọ́ọ̀sì kan jókòó lápá ọ̀tún, ajá rẹ̀ tóbi bíi tábìlì, síbẹ̀ ó di ọwọ́ mi mú, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Wo bí a ṣe jókòó bí ẹni tó ń dúró de dókítà.

Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ gbá ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ tí irin já, nǹkan ńlá kan ṣubú lulẹ̀ gbìì, àwọn ọmọdé figbe ta. Àwọn èrò wá ń kígbe láti ìhà gbogbo pé ẹ rọra, ẹ rọra o! Ọmọ mi, ìwọ rò ó wò. Etí bàbá rẹ, kí ló fẹ́ gbọ́? Rọra ni mo gbọ́. Rọra, lẹ́nu gbogbo ayé. Mo ní wọ́n ti pa á. Mo ní irin ti já lé e, mo ní ó jókòó síbẹ̀ torí mo ní kó dúró, kò sì ní sá torí mi ò tíì sọ pé ó yá. Mi ò mọ bí mo ṣe já ọwọ́ mi gbà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Mi ò mọ ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Bóyá èmi ni, bóyá mi ò tilẹ̀ ṣí i.

Àtíbàbà ló wó. Ó tẹ́ sílẹ̀ gbalaja, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà àwọn ajá. Ọ̀pọ̀ wọn ti sá. Ajá ńlá nọ́ọ̀sì wà lábẹ́ ọkọ̀ ẹnìkan. Àwọn èrò tó wà lábẹ́ àtíbàbà tẹ́lẹ̀ ti jáde láìfarapa, wọ́n ń pariwo síra wọn kí wọ́n má tẹ okùn. Láàárín gbogbo rẹ̀, Rọra jókòó. Gbogbo ènìyàn ló ń pe orúkọ rẹ̀, kò dá ẹnì kankan lóhùn. Ó ń gbọ̀n bí ewé, ó ń wo ilẹ̀kùn tí mo gbà wọlé. Ó rí mi. Kò dìde síbẹ̀. Ìrù rẹ̀ nìkan ló ń gbá ilẹ̀. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo gbá a mọ́ra níwájú gbogbo èrò, èmi tí mo ń fi pákó fún un lóúnjẹ tẹ́lẹ̀.

Ajá dúró, ọmọ mi. Èmi ni mi ò dúró.

Adájọ́ wá bá wa níbẹ̀. Mo ní kó dá ẹjọ́ náà lé mi lórí, kó jọ̀ọ́ dá máàkì ajá padà fún ajá. Ó tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní bàbá, òun ò tíì rí ajá tó dúró báyìí rí, òun ò sì tíì rí ẹni tó sá jáde báyìí rí, ṣùgbọ́n òfin kò ní ojú àánú. Wọ́n pa orúkọ wa rẹ́. Ìgbà tí mo bi í pé ẹ̀wọ̀n oṣù mélòó ni, ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣàwàdà. Ó wá ṣàlàyé irú adájọ́ tí òun jẹ́ fún mi. Ọmọ mi, ara tù mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtura náà kò pẹ́, torí mo rántí ọ̀gá rẹ àti ṣéènì ẹnu géètì.

Bí a ṣe wọ ọkọ̀ bọ̀, mi ò lè wo ojú ajá náà. Ó ti gbé orí lé itan mi, kò mọ ohun tí mo ti fi í ṣe. Mo délé, mi ò lè jẹun. Géètì ni mò ń rí. Bí ọkọ̀ bá ti dúró lójúde, mo rò pé ọ̀gá rẹ ló wá mú un, màá mú Rọra wọ yàrá, màá ti ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ ló sú. Ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó ní bí mi ò bá pe ọ̀gá rẹ, òun á pè é, òun á sì sọ gbogbo rẹ̀ títí kan àtàǹpàkò. Mo pè é. Mo wà lórí ìdúró, mo ti ṣí fìlà, ìdí fóònù ni mo sì gbé sí etí fún ìgbà díẹ̀. Mo ní ọ̀gá, èmi ni mo jẹ̀bi, ajá kò ṣẹ̀. Mo ní màá kan ilẹ̀kùn fún gbogbo ilé ajá rẹ̀, bí kò bá fi ṣéènì kan èyí.

Ó dákẹ́ pẹ́ títí, mo rò pé òun náà ni dátà rẹ̀ tán. Ó wá ní adájọ́ ti pe òun. Ó ní ajá tí àtíbàbà wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò mira, ṣé òun ya wèrè ni tí òun á fi so ó mọ́ géètì? Ó ní ìdíje mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn òjò, kí a mú un padà wá. Ó ní ẹnì kan ló kù tí kò tíì mọ ìdúró, kí a lọ kọ́ onítọ̀hún.

Ìyá rẹ sì ti gba iṣẹ́ náà. Àràárọ̀ ló ń fi Rọra jókòó sí àgbàlá, tí á mú mi wọ yàrá, á na ọwọ́ sí mi, á ní dúró, á sì ti fèrèsé. Lẹ́yìn náà á jáde lọ, á máa gbá ìkòkò mọ́ra wọn, á máa pariwo rọra, rọra káàkiri ilé. Bí mo bá jáde, mo pàdánù oúnjẹ àárọ̀. Ó ní ajá ṣeé kọ́ jù mí lọ, ó ní ṣùgbọ́n òun ò ní tà mí sí ẹnu géètì.

Ọmọ mi, jọ̀wọ́ fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́. Owó ọkọ̀ àwa mẹ́ta ni, torí ìyá rẹ ní òun á bá wa lọ láti dì mí mú. Kí ó sì ṣẹ́kù fún páànù òrùlé, ọwọ́ òsì náà ti ń jò báyìí. Má fi í gba ẹ̀rọ ara ògiri ilé ìfowópamọ́. Ẹni tó wà nínú ògiri yẹn bi mí nígbà tó kọjá bóyá mo tún fẹ́ nǹkan mìíràn, mo ní rárá, ẹ ṣé, mo ní ẹ kú iṣẹ́ inú òkùnkùn, kò dáhùn, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Fi rán awakọ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohun tí ò ń bẹ̀rù mọ ọ̀nà ilé rẹ. Kí ẹni tí o bá fi sílẹ̀ lè dúró dè ọ́, kí ẹni tí ìwọ ń dúró dè má pẹ́. Bí ariwo ayé bá pọ̀, kí o má ṣe sáré síbi tí kò yẹ. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire, wàá bá wa láàyè. Àṣẹ.

Ǹ bá ti gbé ìwé yìí lọ fún awakọ̀, mo ń gbọ́ tó ń fun fèrè ní ìkóríta. Ṣùgbọ́n ajá yìí ti sùn lé ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì. Ẹsẹ̀ náà ti kú, mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mo fẹ́ fà á yọ, ẹ̀rù sì ń bà mí kí ó má lọ jí. Kí ọkọ̀ máa lọ. Ọ̀la ṣì wà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.